Ihò Tí Amparo Dí

Adé orí Amparo ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, sìmẹ́ǹtì sì ti bo gbogbo ìka rẹ̀, nígbà tí Lauro kọ́kọ́ rí i. Ọmọge náà kúnlẹ̀ nídìí ògiri gíga tí kì í jẹ́ kí òkè ya lulẹ̀ sórí àwọn ilé ìsàlẹ̀, ó ń fi àkísà àti sìmẹ́ǹtì dí àwọn ihò tí omi ń gbà jáde. Lauro dá kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró, apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Kábíyèsí, ta ló rán ayaba níṣẹ́ bíríkìlà?"

"Ìwọ tí o kò ríṣẹ́ ṣe, gbé garawa yẹn sún mọ́ mi."

Ó gbé e sún mọ́ ọn. Ó tún fún un ní búrẹ́dì gbígbóná kan, ó ní ọwọ́ ayaba tó kún fún sìmẹ́ǹtì kò gbọ́dọ̀ kan oúnjẹ, ó sì bù ú sí i lẹ́nu. Ojú ti Amparo, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́.

Lọ́dọ̀ wa ní Villa Milagros, ojú ọ̀nà ìsàlẹ̀ yẹn ni ìtò àjọ̀dún ìjọ ní oṣù Kàrún-ún máa ń gbà, Amparo ló sì máa dé adé ṣe Ayaba Elena, ẹni mímọ́ tí ìtò náà ń bọlá fún, lọ́dún náà. Mang Ponso bàbá rẹ̀, olórí ẹgbẹ́ onílé, ti ní kí wọ́n kun ògiri náà ní funfun, kí wọ́n ya òdòdó sí i. Ṣùgbọ́n omi pupa ń sun láti inú ihò, ó ń ba òdòdó jẹ́. Amparo kò lè fara dà á, ìdí nìyẹn tó fi ń dí àwọn ihò náà. Nígbà tí ìtò ń kọjá, ògiri mọ́ tónítóní, gbogbo wa la sì yìn ín. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ibi tí omi náà máa gbà.

Ìfẹ́ àwọn méjèèjì gbilẹ̀ kíá. Ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa ní láti kọ́kọ́ sin ilé àwọn òbí rẹ̀, Lauro sì ń wá la igi, ó ń pọn omi fún Mang Ponso. Bàbá náà kì í dáhùn ìkíni rẹ̀ dáadáa. Ọmọ oníbúrẹ́dì ìsàlẹ̀ kọ́ ló ní lọ́kàn fún ọmọ rẹ̀.

"Àáké yìí máa pa mí, ayaba mi," Lauro á sọ.

"Tó bá pa ọ́, màá fẹ́ ẹni tó mọ igi í là."

Oṣù Keje, òjò dé, kò sì dá mọ́. Omi kún ẹ̀yìn ògiri, kò rọ́nà gbà. Ògiri yọ ikùn, apá kan rẹ̀ sì ya, ẹrẹ̀ wọ ilé ìyá Lauro, Aling Sabel, ó bo ààrò búrẹ́dì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Láàárọ̀, Amparo rí òkúta ògiri kan nínú ẹrẹ̀, àkísà tirẹ̀ ṣì wà nínú ihò rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì fẹsẹ̀ tì í wọnú ẹrẹ̀.

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ onílé, Mang Ponso na ìka sí Aling Sabel. "Àpò ìyẹ̀fun tí ẹ ń dà sí gọ́tà ló dí omi. Ìdọ̀tí yín ló wó ògiri wa."

Obìnrin tó ti ń bọ́ wa láti kékeré. Kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀, èmi náà kò sọ̀rọ̀. Lauro wo Amparo, Amparo wolẹ̀. Aling Sabel mú agbòjò rẹ̀, ó jáde lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Amparo ti ń sá fún Lauro. Kì í ṣe pé kò fẹ́ ẹ mọ́. Ojú ń tì í láti wo ojú Lauro ni. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ó sì ń rò ó bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìgbà tí wọ́n wá kéde pé ìjì ńlá kan ń bọ̀, ó rántí pé àwọn ihò apá ògiri tó kù ṣì dí, àwọn ènìyàn sì ń sùn lábẹ́ rẹ̀.

Ó mú ṣọ́bìrì, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sílé Aling Sabel, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrẹ̀. Àwọn aládùúgbò fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ẹ wá wò ó, obìnrin ló ń sìn nílé ọkùnrin báyìí."

Ó ń kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lọ. Nígbà tó kan ààrò, ó kúnlẹ̀ níwájú Aling Sabel.

"Ìyá, èmi ni mo dí àwọn ihò ògiri. Kì í ṣe àpò yín."

Aling Sabel dúró. "Ṣé o mọ̀, nígbà tí bàbá rẹ ń bú mi?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ihò kọ́ ló dùn mí nígbà náà."

Amparo bú sẹ́kún. Lauro wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Inú bí i gan-an. Ó yíjú kúrò, ó sì lọ mú òòlù.

"Èmi ni mo gbé garawa fún ọ. Dìde, ká lọ ṣí èyí tó kù."

Bí wọ́n ṣe ń lu ihò ni omi pupa ń tú jáde, ó ń ṣàn lórí òdòdó. Gbogbo wa jáde wò ó. Amparo sọ ohun tó ṣe, ó sọ ọ́ sókè, Mang Ponso sì gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé lókè. Ìjì dé lóòótọ́, ògiri dúró.

Nígbà tó yá, Aling Sabel gbé ìkòkò oúnjẹ, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ gun òkè lọ tọrọ ìyàwó. Bàbá ọmọ kì í kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Àlejò ló ń gòkè wá bá a. Àmọ́ wọn ò tíì dé ìdí àtẹ̀gùn tí Mang Ponso fi jáde, tó ń sọ̀ kalẹ̀ láìwọ bàtà. Amparo dúró lókè, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Ẹ má tíì gòkè, Aling Sabel. Gbangba ni mo ti bú yín. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín ní gbangba."

Ó tẹ̀ ba, ó gba ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e kan iwájú orí ara rẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń kí àgbà lọ́dọ̀ wa. Gbogbo wa wà lójú fèrèsé, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Aling Sabel fi ọwọ́ náà síbẹ̀ fúngbà díẹ̀.

"Ó tó, Mang Ponso," ó ní. "Ọmọ yín ni mo wá tọrọ."