Iná Ò Sí ní Ṣọ́ọ̀bù Johnson

Iná dé ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Mọ́ńdè, Monílọ́lá sì sáré ki wáyà láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bọ ara ògiri. Ojú kọ̀ǹpútà náà tàn, ó mọ́ rekete. Àwọ̀ búlúù tó ń bo ojú rẹ̀ nígbà tó bàjẹ́, tó ti ń dẹ́rù ba Monílọ́lá láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ti lọ pátápátá. Wíńdòsì ṣí, ó béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Monílọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́.

Kò sí nǹkan kan.

Ó tún un tẹ̀. Ó tẹ òmíràn. Ó fi ìka fa ọfà ojú kọ̀ǹpútà lọ sápá ọ̀tún, ọfà náà dúró gbagidi sáàárín bí ẹni tí wọ́n kàn ní ìṣó. Ó yá máòsì lọ́wọ́ Kíkẹ́lọmọ tí yàrá wọn kọjú síra, ó tì í bọ ara ẹ̀rọ náà. Pàbó ni.

Monílọ́lá jókòó sí etí ibùsùn. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan nílùú Oǹdó, ó sì ń ka ìwé másítà lọ́wọ́ ní yunifásítì kan l'Ákùúrẹ́. Inú kọ̀ǹpútà yẹn ni iṣẹ́ ìwádìí ọdún méjì wà: gbogbo ohun tí àwọn àgbẹ̀ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ sọ fún un nípa àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi. Kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Ọjọ́ Fúráìdè ló gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọdún kan ti wọmi nìyẹn. Ohun kan sì tún wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Páásíwọ́ọ̀dù tó ń tẹ̀ láràárọ̀ yẹn, inú rẹ̀ máa ń dùn ṣìnkìn bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹnjiníà Johnson ló bá a tún Wíńdòsì náà ṣe, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn Ọjà Ọba l'Ákùúrẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ gbà á. Iná ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, bátìrì sì ti kú pátápátá. Johnson ní kó máa gbé e lọ, pé iṣẹ́ ti parí, pé bó bá délé tó tàn án, yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ní ọjọ́ Túsìdè, Monílọ́lá bẹ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fún àyè, ó tún wọ bọ́ọ̀sì padà sí Àkúrẹ́. Oòrùn pa á lójú fèrèsé, eruku kún ẹnu rẹ̀. Nígbà tó dé ṣọ́ọ̀bù, iná ò sí. Johnson, ọkùnrin pupa kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí èèyàn tó parí ọ̀rọ̀, ní kó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ kó sinmi díẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí di aago mẹ́rin. Iná ò dé. Johnson tú ìdí kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó mi orí.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ ti jó. Ó ń ríran o, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ mọ́."

"Kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, ó ní ọwọ́."

"Àìsàn tó ti wà lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, n óò tú u fi tún ti ẹlòmíràn ṣe. N óò fún yín lówó ọkọ̀."

"Iṣẹ́ mi wà nínú rẹ̀."

"Iṣẹ́ ti jó mọ́ ọn, Àǹtí."

Bàbá Adébùsóyè, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì láti Ìjàrẹ́, wà lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ọwọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ náà ti kú. Fọ́tò ìyàwó rẹ̀ tó dolóògbé ló kún inú rẹ̀. Ó ti gbà láti fi sílẹ̀ fún Johnson, owó ọkọ̀ Ìjàrẹ́ sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó ń dìde, ó ní ojú ìyàwó òun lásán lòun fẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò bínú, kò pariwo. Ìyẹn ló dun Monílọ́lá jù. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ra, ó bọ́ síta, omi sì ń dà lójú rẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi wọ Oǹdó.

Ọpẹ́olúwa ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Wẹ́ńsìdè. Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, tó máa ń ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Monílọ́lá kò wo apá náà, tàbí kí á ní ó wò ó díẹ̀. Ọpẹ́olúwa ki kíbọ́ọ̀dù mìíràn bọ̀ ọ́: kò gbọ́. Ó pa ẹ̀rọ náà, ó tún un tàn, kí Wíńdòsì sì tó jí, ó tẹ bọ́tìnnì kan lókè kíbọ́ọ̀dù ara ẹ̀rọ náà gan-an. Ojú ìwé dúdú kan yọ. Ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, ìlà funfun kan sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ ti òkè, ìlà náà gòkè.

"Ta ló ní bọ́ọ̀dù jó?"

Monílọ́lá sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

Ọpẹ́olúwa ṣàlàyé pé bó bá jẹ́ pé ó jó lóòótọ́, kò ní gbọ́ níbí náà. Kíbọ́ọ̀dù le koko. Ẹnìkan ló yọ fáìlì tí Wíńdòsì fi ń mọ kíbọ́ọ̀dù àti máòsì kúrò, kí ó lè dà bí òkú. Òun lè fi tipátipá tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tí wọ́n tún fọwọ́ kàn. Iṣẹ́ rẹ̀ lè pa rẹ́ síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Johnson ni fáìlì náà wà.

"Ó ń sọ ọ́ di òkú, kó lè rà á bí òkú," Monílọ́lá ní. Bàbá Ìjàrẹ́ ló wá sí i lọ́kàn.

Ní ọjọ́ Tọ́sìdè, àwọn mẹ́ta ló wọ ṣọ́ọ̀bù náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsípẹ́kítọ̀ Akíntóyè, àbúrò ìyá Ọpẹ́olúwa, ló kọ́kọ́ wọlé pẹ̀lú bùbá àti ṣòkòtò, ó ṣe bí ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà. Ọpẹ́olúwa dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Monílọ́lá wọlé kẹ́yìn, ó ní òun ti gbà, òun fẹ́ ta òkú ẹ̀rọ òun.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tàn án wò," ó ní.

"Iná ò sí, Àǹtí. Ẹ̀yin náà ẹ rí i."

Monílọ́lá tẹ́tí. Láti ọ̀dọ̀ onígẹ̀rígẹ̀rí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń gbọ́ ìró kan, hùùùn, hùùùn: ẹ̀rọ ìgẹrun. Kò sí ariwo jẹnẹrétọ̀ kankan. Ó bi onígẹ̀rígẹ̀rí láti ojú fèrèsé bóyá iná wà. Ọkùnrin náà dáhùn pé iná ò tíì lọ láti àárọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti jókòó nínú òkùnkùn yẹn. Gbogbo wọn ló ti jókòó níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ta ni yóò bá èèyàn jiyàn pé iná ò sí?

Ọpẹ́olúwa na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́tìnnì ilẹ̀kùn, ó gbá suwíìṣì iná ṣọ́ọ̀bù tó fara pamọ́ síbẹ̀ sókè. Fáànù fẹ́ gbùù. Iná tàn sí Johnson lójú, ẹ̀rín sì kú lẹ́nu rẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú kan, kọ̀ǹpútà Monílọ́lá ti wà ní ojú ìwé dúdú, ìlà funfun náà sì ń gòkè, ó ń sọ̀.

"Johnson," Akíntóyè ní, "ṣé ọwọ́ tó jó náà nìyí?"

"Ta ni yín, sà?"

"Ọlọ́pàá."

Johnson fò gba ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kí Akíntóyè tó yí tábìlì ká, ó ti gun ọ̀kadà, wọ́n sì ń gbọ́ ọ tó ń pariwo pé gáréèjì Oǹdó, gáréèjì Oǹdó. Àwọn náà wá ọ̀kadà, wọ́n tẹ̀ lé e. Ẹran dá ti àkọ́kọ́ dúró lójú ọ̀nà, epo tán nínú èkejì. Monílọ́lá fẹ́ sunkún. Bí ọkùnrin yẹn bá ju ohun tó kó fáìlì náà sí sọnù sínú igbó, ọ̀la ni Fúráìdè.

Nígbà tí wọ́n dé gáréèjì, bọ́ọ̀sì Oǹdó ṣì wà níbẹ̀. Kò tíì kún. Dírẹ́bà ń jẹ ẹ̀pà sísè, agbèrò sì ń ké pé ẹnìkan péré ló kù. Lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ọkùnrin pupa kan ti fa fìlà bojú, ó ń bẹ̀ wọ́n ṣáá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ máa lọ. Dírẹ́bà dá a lóhùn pé bó bá ń kánjú, kó sanwó àyè tó kù. Kò ní in. Inú dúrọ́ọ̀ tábìlì ṣọ́ọ̀bù ni owó rẹ̀ wà.

"Ẹnìkan péré, Oǹdó."

Akíntóyè gbé ẹsẹ̀ wọ bọ́ọ̀sì. "Èmi ni ẹnìkan yẹn."

Ní àgọ́ ọlọ́pàá l'Ákùúrẹ́, wọ́n bá fláàṣì kékeré kan tí fáìlì náà wà nínú rẹ̀ nínú ìbọ̀sẹ̀ Johnson. Akíntóyè bi í pé èèyàn mélòó ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ó ní òun ò kà á. Ó bi í pé ibo ló ń tà wọ́n sí. Ó jẹ́wọ́ pé yàrá kan wà l'Óǹdó, pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fláàṣì yẹn fi ń jí wọn. Wọ́n bá kọ̀ǹpútà mọ́kànlá níbẹ̀, wọ́n sì kó wọn wá sí àgọ́. Bàbá Adébùsóyè, tí wọ́n ránṣẹ́ pè, dé kí ilẹ̀ tó ṣú, Ọpẹ́olúwa sì kọ́kọ́ jí tirẹ̀. Obìnrin kan tó wé gèlè aláwọ̀ ewé rẹ́rìn-ín sí bàbá náà láti ojú ẹ̀rọ. Bàbá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, ìyá."

Lẹ́yìn náà ló kan Monílọ́lá. Wíńdòsì béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ọpẹ́olúwa yí ojú sí ògiri bó ṣe yẹ ọmọlúàbí.

"Ẹ má yíjú," Monílọ́lá ní.

Ó ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Àmì dúdú kan yọ, òmíràn tẹ̀ lé e, títí wọ́n fi di mẹ́jọ. Wíńdòsì ṣí, iṣẹ́ ọdún méjì jókòó síbẹ̀ pé pérépéré. Ọpẹ́olúwa kò wo iṣẹ́ náà. Ìka Monílọ́lá ló ti ń wò, ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí wọ́n parí sí. Ó ń ka nǹkan kan sínú, ó ń ká ọmọ ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tó dé orí lẹ́tà kẹjọ orúkọ náà, ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Monílọ́lá," ó ní. Láti ọdún méjì, kò pè é láìfi Àǹtí kún un rí. "Fi iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ ná. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ sọ nínú bọ́ọ̀sì."