Àyè Ìyàwó Mi Nínú Fọ́tò

Mi ò mutí, ara mi sì dá ṣáṣá, lọ́jọ́ tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọmọ mi obìnrin wà níbẹ̀. Ohun tí mo rí lòun náà rí.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe. Ayàwòrán ni ìyàwó mi, àmọ́ kì í ya ènìyàn. Àlàfo tó bá wà láàárín ènìyàn méjì ló máa ń yà. Yóò ní kí wọ́n dúró, yóò wo àárín wọn títí, yóò wá fi ọ̀dà dúdú ya àyè náà nìkan sórí aṣọ funfun. Àwọn tó dúró kò ní sí níbẹ̀ rárá.

Àwọn ará àdúgbò fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Àlàfo.

"Bàbá Fọ́tò," ni télọ̀ tó wà lódìkejì wá wí fún mi lọ́jọ́ kan, "ẹ bá mi dá sí i. Láti àárọ̀ lèmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti dúró fún ìyàwó yín, ihò ló yà. Ṣé bí mo ṣe rí nìyẹn?"

"Télọ̀," ìyàwó mi dáhùn láti inú ilé, "ihò yẹn lẹ́wà jù ọ́ lọ."

Nígbà tí ìyá télọ̀ kú, ó wá bá mi. Kò ṣẹ̀fẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n ya òun àti ẹ̀gbọ́n òun, kí n fi àyè ìyá àwọn sílẹ̀ láàárín. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun ń wá. Iléèwé ní kí n fi àyè sílẹ̀ fún olùkọ́ wọn tó ṣaláìsí. Káfíńtà tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kan férémù tó fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n fi ń ṣẹ̀sín ìyàwó mi wá di bí gbogbo ìlú ṣe ń rántí ènìyàn wọn.

Bí a ṣe ń ṣe é kò le. Wọ́n á mú aṣọ ẹni tí kò sí wá. Màá na èjìká aṣọ náà sáàárín àwọn tó dúró, màá lẹ téèpù mọ́lẹ̀ níbi tí ẹsẹ̀ wọn yóò wà, màá wá mú aṣọ kúrò.

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi náà ṣaláìsí, mi ò lè dúró fún irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé mo ti ń gbàgbé bó ṣe fẹ̀ tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àmọ́ ọmọ mi ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì, ibi tó jìn, ó sì ní òun ò ní lọ láìmú ìyá òun dání.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹyọ kan péré."

Ó ti mú aṣọ wá: ṣẹ́ẹ̀tì tí ìyá rẹ̀ máa ń wọ̀ ṣiṣẹ́, tí ọ̀dà ti gbẹ mọ́ lára. Mo fi wọn àyè. Mo lẹ téèpù. Mo ṣètò kámẹ́rà kó lè ya fúnra rẹ̀. A dúró.

Ọjọ́ ti ń rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ télọ̀ kú lójijì. Mo gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń mí. Mo gbọ́ tèmi. Lẹ́yìn náà ni mo gbóòórùn ọ̀dà tútù, bẹ́ẹ̀ ó ti pẹ́ tí ti ara ṣẹ́ẹ̀tì ti gbẹ.

Kámẹ́rà dún.

Mo wo ẹsẹ̀ wa. Kò sí ẹni tó kúrò lórí téèpù. Ṣùgbọ́n nínú fọ́tò, a sún mọ́ra ju bí a ṣe dúró lọ. Apá ẹ̀wù mi wọnú díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnìkan fara tì mí.

"Àyè yìí ti kéré jù," mo ní. "Aṣọ ni mo sì fi wọ̀n ọ́n."

Ọmọ mi gbé ṣẹ́ẹ̀tì náà sókè, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò.

"Bàbá, ṣẹ́ẹ̀tì yín nìyí."

Tèmi ni lóòótọ́, nígbà tí mo ṣì sanra. Ìyá rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ mi. Àyè ara mi ni mo wọ̀n sílẹ̀. Èyí tó wà nínú fọ́tò ni ti ìyàwó mi. Bó ṣe fẹ̀ tó gan-an nìyẹn.

Ọmọ mi ká ṣẹ́ẹ̀tì náà.

"Ẹ tún un yà," ó ní, jẹ́jẹ́.

A padà sórí téèpù. Mo gbọ́ tí aṣọ tí mo ta sára ògiri mì lẹ́yìn wa, bí ìgbà tí ènìyàn rọra gba ẹ̀yìn ẹni kọjá. Kò sí atẹ́gùn.

Kámẹ́rà dún.

Nínú èkejì, kò sí àlàfo láàárín wa mọ́. Èjìká mi kan ti ọmọ mi. Àyè náà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, níhà ilẹ̀kùn. Apá ẹ̀wù rẹ̀ níbẹ̀ wọnú díẹ̀.

Ó wò ó títí.

"Ṣé ó ń bá mi lọ ni?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

Mo ní kó lọ di ẹrù rẹ̀.

Ó ti débẹ̀ báyìí. Ó máa ń pè mí. Ó ní bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fún òun kò fẹ̀, síbẹ̀ etí bẹ́ẹ̀dì náà lòun ń sùn sí, òun ò mọ ìdí. Ó ní oorun ibẹ̀ dùn.

Inú mi dùn sí i. Ìyẹn ni mi ò ṣe tíì sọ fún un pé etí bẹ́ẹ̀dì lèmi náà ń jí sí láràárọ̀, àti pé bí mo bá na ọwọ́ sí apá kejì, ibẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.