Omi Kò Gbọ́ Àṣẹ Alága

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ alága ìlú kékeré kan. Télọ̀ ni tẹ́lẹ̀ kó tó di káńsẹ́lọ̀, ibẹ̀ ló sì ti gun orí àga alága. Ó mọ̀rọ̀-ọ́n sọ, ó la títì dé àdúgbò tí ọkọ̀ kì í dé rí. Ṣùgbọ́n bí agbára ṣe ń pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ ń le. "Mo-ti-wí" làwọn èèyàn ń pè é lẹ́yìn, torí bó bá ti wí báyìí, ó parí nìyẹn.

Odò kan pín ìlú náà sí méjì. Àwọn tó wà ní òdìkejì odò kò dìbò fún un. Nígbà tí afárá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, wọ́n wá bẹ̀ ẹ́ ní ọ́fíìsì.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ dìbò fún wá tún un ṣe. Mo ti wí."

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́hùn-ún nílé ọkọ, ṣùgbọ́n alága rò pé afárá náà á ṣì dúró di ẹ̀yìn ìbò.

Onígbàgbọ́ ni awakọ̀ rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wọn," ló bẹ̀ ẹ́ nínú ọkọ̀. "Ọlọ́run ń wò wá."

"Pásítọ̀ onímọ́tò, iwájú ẹ ni kó o máa wò."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ńlá rọ̀, afárá sì wó. Kò pẹ́, fóònù alága dún. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ni.

"Bàbá, ó ń rọbí, ọmọ sì dábùú! Ilé ìwòsàn ńlá nìkan ló lè gbà á. A ti dé etí odò, kò sọ́nà!"

Alága sáré débẹ̀. Ó ń rí ọkọ̀ wọn ní òdìkejì, ó ń rí ọwọ́ ọmọ rẹ̀ tó di fèrèsé mú. Ó pe panápaná, ó pe ọlọ́pàá. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: "Sà, kò sí ọkọ̀ ojú omi tó lè wọ omi yìí." Ó bú wọn, ó ní òun á lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Omi ń ru gùdù lọ ní tirẹ̀. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ há.

Ó yíjú sí awakọ̀. "Kí ni mo máa ṣe?"

"Bàbá, mi ò mọ ohun téèyàn lè ṣe sí omi yìí. Ṣùgbọ́n Jésù ò kọ ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ Rẹ̀."

"Bá mi bẹ̀ Ẹ́."

"Ẹ fi ẹnu ara yín bẹ̀ Ẹ́, sà."

Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, lójú gbogbo èèyàn. "Jésù, òjò kọ́ ló wó afárá yìí, èmi ni. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ṣàánú mi."

Òjò ò dá. Kí omi tó fà, ọmọ inú ti kú. Ìyá rẹ̀ nìkan ni Ọlọ́run dá sí.

"Ọmọ mi, dárí jì mí," ni alága wí lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀. Ọmọ náà kọjú sí ògiri. Títí di òní, kò tíì lè pè é ní bàbá.

Alága sọ òtítọ́ níwájú ìlú, ó sì fi ipò sílẹ̀. Omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ Jésù ti wẹ òun mọ́ níwájú Ọlọ́run.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, bóyá o ò joyè alága rí. Ta ni ń bẹ̀ ọ́ tó ò ń fi rẹ́rìn-ín? Ká ní ọkùnrin yìí ti ronú pìwà dà lọ́jọ́ tí awakọ̀ bá a sọ̀rọ̀ ni, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ì bá máa sáré kiri ilé lónìí. Má dúró dìgbà tí apá ò ní ká a mọ́. Jésù tó gbọ́ igbe rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ń gbọ́ tìrẹ náà níbi tó o jókòó sí. Ké pè É nísinsìnyí, kí ẹlòmíì tó jìyà ẹ̀ṣẹ̀ rẹ.