Orúkọ Tí Hasanat Sọ Fáìlì

"Kí ni mo ṣe fún ọ gan-an?" Hasanat fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì. Kọ̀ǹpútà ló ń bá wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti jáde kíláàsì ló ti jókòó nínú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá ní kí ètò tó kọ ṣiṣẹ́, ńṣe ló ń dákú mọ́ ọn lọ́wọ́. "Segmentation fault." Ohun tí ẹ̀rọ náà ń sọ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sọ ibi tó ti ń dùn ún.

Ètò ìdánwò ni. Ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́ yan akẹ́kọ̀ọ́ kan tí yóò ṣojú wọn níbi ìdíje sáyẹ́ǹsì ní Àgọ́-Ìwòyè, Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù, tíṣà kọ̀ǹpútà, sì ní kí Hasanat fi C, èdè kan tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò tí wọn yóò fi ṣe ìdánwò ọ̀hún. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá dáhùn tán, ètò yóò kó ìdáhùn rẹ̀ sínú fáìlì ìgbà díẹ̀ kan lórí kọ̀ǹpútà ńlá tí gbogbo ìyókù so mọ́, yóò máàkì í, yóò gbé máàkì jáde, yóò sì pa fáìlì náà rẹ́.

Orúkọ fáìlì yìí ni wàhálà.

"Má ṣe fọwọ́ ara rẹ sọ ọ́ lórúkọ o," tíṣà ti kìlọ̀ fún un. "Bí èèyàn bá kígbe 'Ìyá Ìbejì!' láàárín ọjà, obìnrin mélòó ni yóò bojú wẹ̀yìn? 'mkstemp' ni kí o lò. Kọ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ, kí o to X mẹ́fà sí ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò fi lẹ́tà mìíràn rọ́pò àwọn X náà, títí yóò fi rí orúkọ tí fáìlì kankan kò tíì jẹ́, yóò sì ṣí fáìlì náà lójú ẹsẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà já a gbà."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Hasanat kọ ọ́, ibẹ̀ náà sì ni ètò ti ń dákú. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ. Ó ka ìwé títí ojú fi ń ta á. Omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀.

Bàdírù, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń dúró dè é kí àwọn jọ wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé orúkọ lásán ló ń bá ọ jà tó báyìí? Fi aago sọ ọ́ jàre. Ìṣẹ́jú-àáyá tí èèyàn bá parí, kó jẹ́ orúkọ fáìlì rẹ̀. Ìgbà wo lèèyàn méjì máa parí pọ̀ gẹ́lẹ́?"

"Sà ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ṣé Sà ló ń kọ ọ́ ni? Ọ̀la ni ìdánwò o!"

Tíṣà ṣì wà nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó yẹ kí Hasanat lọ bá a, kó ní ọ̀rọ̀ náà kò yé òun. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í. Òun tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣé òun náà ni yóò máa béèrè bí wọ́n ṣe ń sọ fáìlì lórúkọ? Ó fi aago sọ ọ́. Òun nìkan ló dá ètò náà dán wò, ó sì ṣiṣẹ́ geerege. Nígbà tí wọ́n ń jáde, tíṣà béèrè bóyá ó ti lo ohun tí òun ní kó lò.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sà," ó dáhùn, kò wo ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, yàrá kọ̀ǹpútà kún. Miriam ló jókòó síwájú, ọmọ Mákùn-Omi tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó ti kàwé gan-an nítorí ìdánwò yìí. Ìbéèrè le, ó sì pọ̀, kò sẹ́ni tó parí kí àkókò tó pé. Bí àkókò ṣe pé, ètò gba ìdáhùn gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí Hasanat fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ pé kó ṣe. Ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, orúkọ kan náà, fáìlì kan ṣoṣo. Ìdáhùn ọ̀kan ń pa ti èkejì rẹ́ títí ó fi ku ti ẹni tó dé kẹ́yìn.

Máàkì jáde lójú gbogbo kọ̀ǹpútà. Mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún ni gbogbo wọn gbà.

"Ó jọ pé tèmi nìyẹn," Bàdírù sọ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Mọ́kànlá kẹ̀?" Miriam dìde, ó tún jókòó, ó fi ọwọ́ bojú.

Bàdírù sún mọ́ Hasanat. "Sọ pé iná ló ṣẹ́jú. Ta ló máa mọ̀?"

Irọ́ náà ti dé ètè rẹ̀ kó tó rí èjìká Miriam tó ń gbọ̀n. "Èmi ni, Sà," Hasanat sọ fún tíṣà. "Aago ni mo fi sọ fáìlì lórúkọ. Irọ́ ni mo pa fún yín lánàá."

"Ṣé a lè rí ìdáhùn wọn gbà padà?" tíṣà béèrè.

"Ó ti parẹ́, Sà."

Ọ̀gbẹ́ni Ọládòṣù ní kó gbé ètò àkọ́kọ́ tó ń dákú jáde. Ó wò ó, ó mi orí. "Ibi tí ẹ̀rọ lè kà, ṣùgbọ́n tí kò gbọdọ̀ kọ nǹkan sí, ni o fi orúkọ yìí sí. Báwo ni yóò ṣe pààrọ̀ X? Gbé e síbi tó ṣeé kọ nǹkan sí." Ìlà kan péré ló yí padà, ètò sì ń ṣiṣẹ́. "Ìlà kan, Hasanat. Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì mi sì wà ní ṣíṣí lánàá."

Ìbá sàn fún Hasanat ká ní tíṣà nà án.

Nígbà tí wọ́n fi máa tún ìdánwò náà ṣe, wọ́n ti pe Miriam lọ sí Mákùn-Omi nítorí àìsàn ìyá rẹ̀. Olúfúnmi, akẹ́kọ̀ọ́ tí máàkì rẹ̀ pọ̀ jù, ni wọ́n mú lọ sí Àgọ́-Ìwòyè. Nígbà tí Miriam padà dé, Hasanat kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Dìde," Miriam sọ. "Mo ti gbọ́ pé ìwọ lo jẹ́wọ́, mi ò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn ìdáhùn yẹn, Hasanat. Mo mọ̀ wọ́n dáadáa." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìtìjú ẹni tó béèrè kì í pẹ́ lójú, ti ẹni tó kọ̀ láti béèrè ni í pẹ́. Èyí tó tún wá burú jù ni pé ẹlòmíràn ló lè jìyà iṣẹ́ tí a fi àbùjá ṣe.