Onípákó Tí Kò Ta Pákó Rí

Ara káfíńtà kò balẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Bó bá gbé ayùn, á tún gbé e sílẹ̀, á yọ fóònù wò. Bó bá ń jẹun, fóònù á dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́. Kódà, ó ń gbé e wọ balùwẹ̀. Ta ló ń wẹ̀ fún fóònù?

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó fi yàrá iwájú ṣe ṣọ́ọ̀bù, rò pé iṣẹ́ ló ń dà á láàmú. Wọ́n ń retí pákó tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn oníbàárà kan, kò sì dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, iná fóònù tán. Káfíńtà ki í bọ iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì jáde lọ wọn fèrèsé. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. “Onípákó” ló hàn lójú rẹ̀. Inú aránṣọ dùn, ó sáré gbé e.

Kó tó kí onítọ̀hún, ohùn obìnrin ti wọlé: “Ìfẹ́ mi, ẹ̀yìn tó ń dùn ẹ́ yẹn ńkọ́? Ṣé o ti lo oògùn tí mo ní kó o rà?”

“Ẹ̀yìn wo?” ni aránṣọ bi í. Obìnrin náà pa fóònù.

Nígbà tí káfíńtà dé, ìyàwó rẹ̀ ń ki aṣọ sínú báàgì.

“Bàbá ọmọ mi, onípákó pè. Ó ní ẹ̀yìn yín ńkọ́.”

Òógùn bo káfíńtà. “Orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti pàdé! Mi ò rí i rí, mi ò mọ ilé ẹ̀, mi ò fọwọ́ kàn án. Ṣé ọ̀rọ̀ lásán náà ti di àgbèrè ni?”

Aránṣọ tún ki aṣọ mìíràn sínú báàgì. Káfíńtà rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó wá pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó máa ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn ní ilé ìwòsàn. Tòun ti aṣọ iṣẹ́ ló fi dé. Aránṣọ sọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún un.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mi ò ṣe nǹkan kan.”

“Ó dáa. Ta ló ń ta pákó fún ẹ gan-an?”

“Bàbá kan ni.”

“Kí lo kọ orúkọ tiẹ̀ sí nínú fóònù?”

“Orúkọ ẹ̀ ni.”

“Ẹni tó ń ta pákó ń jẹ́ orúkọ ara ẹ̀. Ẹni tí kò ta pákó rí ló wá ń jẹ́ Onípákó. Ta lò ń fi pa mọ́ fún?”

Káfíńtà dojú fóònù bolẹ̀.

“Àbúrò mi, kì í ṣe ọwọ́ nìkan ló ń dalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tó o kó kúrò nílé lọ fún ẹlòmíì, tó o tún daṣọ bò, ìdàlẹ̀ ni.”

Aránṣọ bú sẹ́kún. “Ẹ̀gbọ́n, ibùsùn kan náà là ń sùn! Ó ń jẹ̀rora lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ará ìta ló ń sọ oògùn tó máa lò.”

“Ojú ló ń tì mí,” ni káfíńtà wí. “Káfíńtà tí kò lè gbé pákó mọ́, kí ni wọ́n ń pè é?”

“Ẹ wá rò pé èmi ni màá fi yín ṣẹ̀sín?” ni aránṣọ bi í.

Níṣojú ìyàwó rẹ̀, káfíńtà pe obìnrin náà, ó ní ọ̀rọ̀ àwọn ti tán. Nọ́ọ̀sì ní kó wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀yìn ní ọjọ́ Ajé. Aránṣọ kò tíì tú báàgì rẹ̀. Ó kàn fẹsẹ̀ ti àpótí síwájú ọkọ rẹ̀.

“Ẹ jókòó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látọjọ́ àkọ́kọ́.”

Káfíńtà rọra jókòó, ó di ẹ̀yìn mú, kò fi pa mọ́ mọ́.

Ẹ̀yin tọkọtaya àti àfẹ́sọ́nà, ẹ jọ jókòó sọ ohun tí ẹ fara mọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àti èyí tí ẹ ò fara mọ́, kí ìjà tó dé. Bí ọ̀rọ̀ bá ti bẹ́ sílẹ̀, ẹ má lu ara yín, ẹ má fọ́ fóònù. Ẹ wá agbaninímọ̀ràn lọ. Ìwọ tó o sì ṣì ń bi ara rẹ bóyá ohun tó ò ń ṣe burú, yẹ fóònù rẹ wò. Bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, o ti dá ara rẹ lóhùn.