Ìwé tí Bàbá Lachie Kọ fún Morag

Bàbá Lachie Geddes, aládùúgbò mi, kì í fi iná ṣeré. Bó bá ti di agogo mẹ́ta ọ̀sán nígbà òtútù, èéfín á ti máa jáde lórí òrùlé wọn. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, agogo mẹ́ta kọjá, mi ò rí èéfín kankan.

Mo ní kí n lọ wò wọ́n. Wọn kì í ti ilẹ̀kùn.

"Bàbá Lachie! Èmi Huia ni o!"

Ajá wọn nìkan ló gbórí sókè. Inú ilé tutù nini. Mo wá rí ìwé kékeré kan lára fìríìjì:

"Morag mi, mo ti lọ sórí Òkè Breck. Ẹ̀yìn òkè ni mo gbà, lẹ́bàá odò. Agogo méjì ni màá dé. Tó bá di agogo mẹ́ta tí o ò rí mi, pe Huia."

Morag ni ìyàwó wọn. Oṣù kẹta la sin ín.

"Yéè! Ta ló wá máa pè mí?" Ajá ni mò ń pariwo mọ́.

Mo wà lára àwọn tó máa ń wá ẹni tó bá sọnù sórí òkè, nítorí náà mo mọ ohun tó wà níwájú. Yìnyín ti bo ọ̀nà, agogo márùn-ún sì ni ilẹ̀ ń ṣú. Mo pe ọlọ́pàá lójú ẹsẹ̀, wọ́n kó ẹgbẹ́ wa jọ, a sì gba ẹ̀yìn òkè lọ tààrà. Ká ní mi ò rí ìwé yẹn ni, iwájú òkè tí gbogbo èèyàn ń gbà là bá máa wá wọn sí.

A bá wọn létí odò. Ọrùn ẹsẹ̀ wọn ti rọ́, wọn ò tiẹ̀ gbọ̀n mọ́. Ẹni tí òtútù ń mú tí kò wá gbọ̀n mọ́, ó ti ń kú lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé búrẹ́dì tí mo fi wàràkàṣì sí nínú lọ bá wọn nílé ìwòsàn.

"Bàbá Lachie, ta lẹ kọ̀wé sílẹ̀ fún?"

Wọ́n kọjú sógiri. "Morag."

"Ẹ mọ̀ pé…"

"Mo mọ̀, Huia. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo fi kọ ọ́ fún un. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń jáde nílé láì sọ fún un. Ta ni n bá sọ fún? Ajá?"

"Èmi ńkọ́? Ṣebí ọgbà lásán ló là wá láàárín!"

"Mi ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu ni."

Inú bí mi, omi sì tún bọ́ lójú mi. "Ẹ ò fẹ́ yọ mí lẹ́nu, lẹ wá ní kí n máa fi orúnkún wọ́ nínú yìnyín! Bàbá yìí! Morag fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n kò lè pe ọlọ́pàá mọ́."

Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú. "Ṣé kí n má kọ ọ́ sí i mọ́ ni?"

"Ẹ máa kọ ọ́. Ẹ kàn kọ tèmi náà."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń dá gòkè nígbà yìnyín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, ìgbà tẹ́ ẹ máa dé, àti ìgbà tí wọ́n á pe ọlọ́pàá bí wọn ò bá rí yín. Ẹni tó máa gbé fóònù ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ jẹ́ kó mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹni tẹ́ ẹ máa ń sọ fún ti kú, ẹ ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹ wá kan ilẹ̀kùn àwa aládùúgbò yín kẹ́ ẹ tó gòkè.