Oògùn Tí Kò Dé Ọ̀fun Alhaji

Ẹnìkan nínú ilé náà kò fún Alhaji Gàníyù ní oògùn rẹ̀. Ó ti dá Nọ́ọ̀sì Tèmídayọ̀ lójú kó tó bọ́ bàtà tán. Ilé kẹrin tó wọ̀ lónìí nìyí, láti Ìyànà Ìbà dé Òkòkòmáíkò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, gbogbo rẹ̀ sì ti sú u.

Jẹjẹrẹ ti wọ Alhaji légungun. Mọfíìnì olómi, oògùn apàrora, nìkan ló ń jẹ́ kó sinmi. Ní báyìí òógùn bò ó, ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú. Bẹ́ẹ̀ oògùn inú ìgò ti lọ sílẹ̀ dé ibi tó yẹ kó dé gan-an.

"Bàbá, ta ló fún yín lóògùn lọ́sàn-án yìí?"

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, nọ́ọ̀sì."

Àwọn mẹ́ta ló ń fún un, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀ ni: Maimunat ìyàwó rẹ̀, Muheez ọmọ rẹ̀ tó ń ta àgbò ní Alaba Rago, àti Ìyá Àjíkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá láti Ìsẹ́yìn. Kò sẹ́ni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìnkùlé. Ìbéèrè kan náà ló bi wọ́n: tí Alhaji bá gbé oògùn mì, kí ló máa ń ṣe?

"Ojú wọn á fún pọ̀," ni Maimunat wí. "Wọ́n á ní kí n bá àwọn bu omi. Ṣé ẹ ò ní bi Muheez? Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ìta máa ń ra nǹkan yẹn."

Ojú Muheez le. "Wọ́n á máa tutọ́. Nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá wà nídìí ẹ̀, ilé yìí ló máa fi sílẹ̀ lónìí."

Ìyá Àjíkẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kì í ṣe nǹkan kan. Á gbé e mì, á ní kí Ọlọ́run san án fún mi."

Tèmídayọ̀ jókòó sórí àga rọ́bà. Oògùn náà korò. Kò sẹ́ni tó lè mu ún kó má fajú ro.

"Ìyá, kí lẹ̀ ń fún wọn gan-an?"

"Omi Samsam, tí wọ́n gbé wá láti Mẹ́kà. Mo ń da oògùn yẹn sí gọ́tà. Wọ́n ní ó máa ń mú èèyàn sùn. Ojú oorun ni bàbá wa kú sí ní ọsibítù, wọn ò rí àyè pe kálímà tí Mùsùlùmí ń pè kó tó kú. Mi ò fẹ́ kí àbúrò mi náà lọ bẹ́ẹ̀."

Ó yẹ kí inú bí Tèmídayọ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́ jù.

"Ìyá, ìrora ò jẹ́ kí wọ́n lè sọ gbólóhùn méjì. Báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pe kálímà?"

Ìyá Àjíkẹ́ bú sẹ́kún. Nígbà tí Muheez gbọ́, ó yíjú kúrò lára rẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ lọ di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà.

Nọ́ọ̀sì fún Alhaji lóògùn. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èémí rẹ̀ rọlẹ̀.

"Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé omi ni," ni Alhaji wí.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ, Bàbá?"

"Muheez á lé ẹ̀gbọ́n mi lọ. Àwọn ló pọ̀n mí dàgbà. Ìrora yẹn sàn ju kí n máa kú lọ láìsí wọn níbí."

Muheez gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹnu ilẹ̀kùn yàrá. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó dá a padà sí yàrá ìyá.